Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ìkàwé: Ta Ni Wọ́n Ṣí I Fún?

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ilé-ìkàwé ní ilẹ̀ wa, iye ìwé tó wà nínú rẹ̀ ni a sábà máa ń kà, àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, àti orúkọ aláṣẹ tó ṣí i. Nínú àròkọ yìí, ẹnu ọ̀nà ni mo fẹ́ wò. Ta ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà fún? Kí ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró níta kí wọ́n tó gbà á wọlé? Ìbéèrè àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti di ti kíákíá lónìí, nítorí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ayé ti kúrò lára ògiri, ó ti bọ́ sí ojú fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí ẹsẹ̀ òkè kan ní Dassa-Zoumè lè kan ilẹ̀kùn Paris láàárọ̀, kí ó sì kan ti Ìbàdàn lọ́sàn-án. Bóyá wọn yóò dá a lóhùn ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ní ọdún 1936 ni ìjọba amúnisìn Faransé dá IFAN sílẹ̀ ní Dakar, láti máa ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ àti ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1940, ẹ̀ka rẹ̀ ti Dàhòmì fìdí kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, pẹ̀lú ilé-ìkàwé tirẹ̀. Láti 1948 ni ẹ̀ka náà ti ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n pè ní Études dahoméennes, níbi tí Édouard Dunglas ti gbé ìtàn àárín gbùngbùn Dàhòmì jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí ọ̀rọ̀ Kétu sì gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kà á? Àwọn aláṣẹ ni, àti àwọn onímọ̀ láti òkè òkun, àti díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa tó ti gba ìwé ẹ̀rí. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá lé àgbẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ jáde. Èdè Faransé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan sì tó.

Ẹni tó wà ní Dassa tún ní ọ̀nà jíjìn láti rìn. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Kùtọ̀nù wá ti kọjá lọ́dọ̀ wa kí ó tó dé Savè ní 1911, nítorí náà ẹni tó bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun. Àmọ́ ta ni yóò na irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí ìwé kan tí kò mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ rárá? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ mẹ́gà.

Ní apá kejì ààlà, lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, owó ẹgbẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní 1932, àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà fi owó ṣètìlẹ́yìn fún ilé-ìkàwé kan ní Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yá ìwé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dáwó kí ó tó wọ ẹgbẹ́, èyí tó sọ ọ́ di ilé àwọn òyìnbó àti díẹ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. UNESCO gbé ìkéde rẹ̀ lórí ilé-ìkàwé gbogbogbòò jáde ní 1949: ti gbogbo ènìyàn ni, owó ìlú ni kí a fi gbé e ró, kí a má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wọlé. Ní 1953, ìlú Ìbàdàn ni wọ́n kó àwọn onímọ̀ jọ sí láti jíròrò bí irú ilé-ìkàwé bẹ́ẹ̀ yóò ṣe tàn ká Áfíríkà. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1959, wọ́n ṣí ti Enugu gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún 1975 ni ìjọba dá Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ sílẹ̀, Àjàṣẹ́ náà ni ó wà. Iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni láti pa ohun tí wọ́n tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí sì yàtọ̀ sí kí ọmọdé máa yá ìwé ìtàn lọ sílé. Ohun tó mú ìwé sún mọ́ ìgbèríko ni ètò CLAC, tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé dá sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí CLAC. Àwọn ìlú kéékèèké ni wọ́n gbé e lọ. Ìwé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn eré àjókòóṣe náà wà, tẹlifíṣọ̀n àti fídíò wà, àyè sì wà fún eré orí ìtàgé. Ọmọ tó kàn wá wo fíìmù yóò rí ìwé lórí pẹpẹ bó ṣe ń wá ibi jókòó. Kò sí ẹni tó bi í ní orúkọ òǹkọ̀wé tàbí àkọlé. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìlú náà; ó mọ bàbá ọmọ, ó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń pàtẹ sí lọ́jà, ó sì ń kí i ní èdè ilé. Nínú gbogbo ẹnu ọ̀nà tí mo kà sílẹ̀ yìí, èyí ni mo rò pé ó fẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé inú rẹ̀ kéré sí ti Àjàṣẹ́ àti ti Ìbàdàn lọ́nà tó pọ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló mú un fẹ̀.

Ohun mìíràn wà nínú ilé-ìkàwé àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò rí rí: àpótí onígi tó kún fún káàdì. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, wọ́n sì ń tò wọ́n ní ìbámu pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti kókó ọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú yóò tún fi káàdì kan kún un tí kì í ṣe ti ìwé kankan. Ohun tó máa ń wà lórí rẹ̀ kò ju «wo» lọ, àti ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan bá wá «Nàgó», káàdì náà yóò sọ fún un pé: «wo Yorùbá». Ìwà ọmọlúàbí ni káàdì yẹn. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ lè pe nǹkan ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé tirẹ̀, kò sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó fà á lọ́wọ́ lọ síbi tí ìwé wà.

Àpótí kan náà sì lè sọ onílé di àlejò. Nínú ètò tí Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1876, tí àìmọye ilé-ìkàwé ayé ń lò dòní, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n fún ní nọ́ńbà 200 dé 299. Bíbélì àti ẹ̀sìn Kristi gba láti 220 dé 289. Òrìṣà, Vodun, Ifá, àti gbogbo ìsìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀, abẹ́ 299.6 ni wọ́n há wọn mọ́. Ẹni tó bá wá ìwé lórí Ifá yóò rìn kọjá pẹpẹ lórí pẹpẹ kí ó tó kan igun tó kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò lé e, wọ́n kàn gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọdún 1995, ọdún tí Kùtọ̀nù gba àpérò àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé lálejò, ni íńtánẹ́ẹ̀tì wọ Bẹ̀nẹ̀. Okùn SAT-3 tó gba abẹ́ òkun wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ilé «cyber» sì gbòde, níbi tí a ti ń san owó lórí wákàtí. Lẹ́yìn náà ni fóònù gba ipò wọn. Láàárín àkókò yẹn, àwọn ilé-ìkàwé òkè òkun ti ń gbé ìwé wọn sórí ayélujára: Gallica ti Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Faransé ní 1997, Persée, tó kó àwọn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ jọ, ní 2005. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ní 2022, UNESCO àti àjọ àwọn ilé-ìkàwé àgbáyé tún ìkéde 1949 yẹn ṣe, wọ́n sì jẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ ilé-ìkàwé lórí ayélujára wà lára ohun tí ó jẹ ìlú lọ́rùn láti ṣe fún gbogbo ènìyàn.

Àpẹẹrẹ kan wà tó kan ìlú wa gan-an. Ní 1984, Biodun Adediran, onímọ̀ ìtàn ará Nàìjíríà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Cahiers d'études africaines lórí bí Ìdààṣà ṣe di ìjọba ní etí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1994, IFRA ní Ìbàdàn tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí Ṣábẹ̀, Kétu àti Ìdààṣà ti jẹ́ òpó. Àpilẹ̀kọ náà wà lórí Persée, ìwé náà wà lórí OpenEdition, ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n láìsan kọ́bọ̀. Ìtàn àwọn baba ńlá wa ló dé inú fóònù ọmọ wa yìí, láìsí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin!

Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan kí ó wá a. Mo ti fún kíláàsì kan ní iṣẹ́ yìí rí. Ọ̀pọ̀ wọn tẹ «Dassa», wọ́n sì rí ilé ìtura, ojú ọjọ́, àti ìrìn-àjò mímọ́ ti Arigbo. Àwọn kan tẹ «Idaasha», àwọn mìíràn «Idatcha». Ẹnìkan tó ti gbọ́ nípa ìwé àkójọ èdè ayé tẹ «Idaca», nítorí orúkọ yẹn ni wọ́n fi forúkọ èdè wa sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àmì lẹ́tà mẹ́ta tó ń jẹ́ «idd». Èmi ìbá tẹ «Ìdààṣà». Adediran ní tirẹ̀ kọ «Idaisa». Ẹ ka iye orúkọ tí ìlú kan ṣoṣo ní, kí ẹ sì rántí pé ọ̀kan péré nínú wọn ni ìwé tí ọmọ náà ń wá wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó rí i níkẹyìn bá èdè Gẹ̀ẹ́sì níwájú, àmọ́ ìyẹn kò dà mí láàmú tó èyí àkọ́kọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣeé kọ́, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sì bá wọn túmọ̀ ojú-ewé mẹ́rin. Ohun tó ń dùn mí ni pé káàdì «wo» ti sọnù lójú ọ̀nà, láàárín àpótí onígi àti ojú fóònù. Iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé fi ọwọ́ ṣe ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò sí ẹni tó ṣe é fún ìlú wa.

Ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bá kọ Yorùbá ní Yorùbá. Àkọtọ́ méjì ni èdè wa ní. Èyí tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn CMS gbé dìde, tí wọ́n jókòó lé lórí ní Èkó ní 1875, ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà: ẹ, ọ, ṣ. Òun ni ìwé ìròyìn tiwa yìí ń lò. Ṣùgbọ́n ní 1975, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìjókòó Èkó, ìgbìmọ̀ èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ wa, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990 àti 2008. Nínú ìyẹn, ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ní ẹ àti ọ. Sh rọ́pò ṣ, kp sì rọ́pò p. Àgbàlagbà tó kọ́ ìwé ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní abúlé, ɛ àti ɔ ló mọ̀. Ó ń kọ «ɔmɔ» níbi tí ọmọ Ìbàdàn ti ń kọ «ọmọ».

Lójú ènìyàn, ìyàtọ̀ kékeré ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlú méjì ni. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Unicode, tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, ọ jẹ́ o tó ní àmì lábẹ́, bí ilé-ìkàwé bá sì ti ṣètò àpótí ìwádìí rẹ̀ kí ó máa fojú fo àmì, ẹni tó tẹ «Oyo» yóò rí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ɔ kì í ṣe o tó ní àmì. Lẹ́tà mìíràn ni pátápátá. Kò sí ohun tí a lè yọ kúrò lára rẹ̀ tí yóò fi di o. Nítorí náà, ẹni tó bá tẹ «Ɔyɔ» gẹ́gẹ́ bí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti ní kí ó kọ ọ́, òfìfo ni yóò bá, àfi bí ẹnìkan bá ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé kí ó ka ɔ àti ọ sí ọ̀kan náà. Ìlà díẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó kàn béèrè pé kí ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan wà ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé fi ń ṣiṣẹ́ lónìí sì gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀: Koha, tí wọ́n kọ́ ní New Zealand ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá (orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹ̀bùn lédè Maori), àti PMB ti àwọn Faransé. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, inú wọn sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ṣèlérí pé a ó padà sórí ọ̀rọ̀ owó. Ní 2018, ìjọba wa gbé àṣẹ kan jáde tó fi owó orí lé lílo àwọn ìkànnì bí Facebook àti WhatsApp, fráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá, igbe «Taxe pas mes mo» gba gbogbo ayélujára kan, kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà sì tó parí, ìjọba ti fagi lé e. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yẹn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni pé àwọn ènìyàn wa ń ka mẹ́gà bí ìyá ọlọ́jà ti ń ka owó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ra ti igba fráǹkì mọ ohun tó fẹ́ ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Bí ojú-ewé àkọ́kọ́ ilé-ìkàwé kan bá gbé àwòrán ńlá mẹ́wàá àti fídíò kan síwájú kí àpótí ìwádìí tó yọjú, ó ti gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ náà, àní bí wọ́n tilẹ̀ kọ «ọ̀fẹ́» gàdàgbà sí òkè rẹ̀. Ìwé olójú-ewé 300 tí wọ́n ya ní àwòrán lè wúwo tó mẹ́gà àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan, láìsí àwòrán, kì í sábà tó mẹ́gà kan. Gallica gba òǹkàwé láàyè láti yan ọ̀rọ̀ lásán fún àwọn ìwé tí ẹ̀rọ ti kà. Gbogbo ilé-ìkàwé tó bá fẹ́ kí ará òkè Dassa wọlé yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì kọ ìwọ̀n ìwé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kí ènìyàn tó tẹ bọ́tìnì.

Ilẹ̀kùn orí fóònù tún máa ń tì lójijì. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, wọ́n pa íńtánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀, gbogbo ilé-ìkàwé tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ má rò pé tálákà nìkan ni irú rẹ̀ ń bá. Ní oṣù Kẹwàá 2023, àwọn ọ̀daràn wọ inú kọ̀ǹpútà Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù Kíní 2024 ni àtòjọ ìwé wọn tó padà sí ojútáyé, kò sì tíì pé pérépéré nígbà náà. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bá àwọn tó fẹ́ ti ibi ìkàwé ìgbèríko pa nítorí pé «gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ayélujára» jiyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìkíni àti ìbéèrè. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti béèrè nínú ojú-ewé tí kò sí ènìyàn? Àwọn tó ń bójú tó ilé-ìkàwé ìlú Lyon ní Faransé dáhùn ìbéèrè yẹn ní 2004 nígbà tí wọ́n dá Guichet du Savoir sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni, níbi yòówù kó wà, lè kọ ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé, tó jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara, yóò wá inú ìwé, yóò sì dá a lóhùn láàárín wákàtí 72. Ìdáhùn náà yóò wà níbẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti kà. Lójú tèmi, èyí ló sún mọ́ òṣìṣẹ́ CLAC wa jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lórí ayélujára. Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ní ilé-ìkàwé òkè òkun kan tí n kò níí dárúkọ. Kí ó tó lè forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní kí ó kọ nọ́ńbà àdúgbò rẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ òyìnbó ń lò. Ilé wọn wà lẹ́yìn ọjà, kò ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ ní pupa sí i lójú pé àdírẹ́sì rẹ̀ kò tọ̀nà. Ọmọ náà bi mí pé: «Ṣé ilé wa kò tọ̀nà ni, ọ̀gá?»

Yorùbá kì í jẹ́ kí àlejò dúró lásán. Ẹni tó ń jókòó ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó ń rìn ní tirẹ̀, ẹni tó wá nǹkan tí kò rí i náà ní tirẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí ilé-ìkàwé tó wà fún wa kò fi lè sọ pé «Ẹ kú àárẹ̀, a kò rí i lábẹ́ orúkọ yìí, ẹ jẹ́ kí a dán orúkọ mìíràn wò», dípò «0 résultat». Àwọn afọ́jú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àdéhùn Marrakesh ti 2013 ṣí ọ̀nà fún wọn láti ní ìwé ní irú tí wọ́n lè kà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sókè kò lè ka àwòrán ojú-ewé tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí a kò bá sì fi àmì ohùn sí Yorùbá, yóò ka ọkọ̀, ọkọ àti ọkọ́ bákan náà.

Nínú ìsinmi ńlá tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan bá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí kò béèrè mẹ́gà. A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ní òkè ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ni a kọ orúkọ ìlú kan sí, lẹ́yìn náà gbogbo ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti gbà kọ ọ́, pẹ̀lú ibi tí a ti rí i: Porto-Novo, Àjàṣẹ́, Hogbonou; Savè, Ṣábẹ̀, Tchabè; Kétou, Kétu. Ìdààṣà nìkan gba ojú-ewé kan àti ààbọ̀. Nígbà tí a parí àwọn ìlú, a bọ́ sórí àwọn òkè wa, tí wọ́n sọ pé wọ́n jẹ́ 41, a sì lọ bá àwọn àgbà kí wọ́n dárúkọ wọn fún wa. Nígbà tí a bá kà wọ́n tán, a ó tẹ̀ ẹ́ ní àkọtọ́ méjèèjì, a ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìkàwé tó ní ìwé lórí ilẹ̀ wa, pé kí wọ́n fi kún àtòjọ wọn. Iṣẹ́ ti dúró díẹ̀ lórí òkè kan ní apá àríwá ìlú. Bàbá kan pè é ní orúkọ kan, ìyá àgbà tó jókòó tì í ní irọ́ ni, orúkọ mìíràn ni àwọn tó bí òun ń pè é. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé fún wa kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, ó sì kọ «wo» sí àárín wọn.